Irùngbọ̀n Rimvydas

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Kaunas, oòrùn ò tíì wọ̀.
Báyìí ni oṣù kẹfà ṣe máa ń ṣe wá níhìn-ín:
ìmọ́lẹ̀ a máa bá wa jókòó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Ilé ìdáná Genovaitė la kó ara wa jọ sí,
àjà kẹrin, ẹ̀rọ agbéniròkè ti kú láti ìgbà Kérésì.
Ènìyàn mẹ́sàn-án, àga mẹ́fà,
ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e.

Ti Zenonas ni.
Ó ti di ọdún méjì tó ti sùn sábẹ́ igi páìnì lẹ́yìn ìlú,
ṣùgbọ́n síkáàfù ẹgbẹ́ wa ṣì wà lẹ́yìn àga rẹ̀.
Genovaitė ò fọ̀ ọ́.
"Bí mo bá fọ̀ ọ́, a ó pàdánù."
Kò fọ̀ ọ́. A pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léraléra.

Àwọn ará olú-ìlú ló ń nà wá,
ẹni tó bá sì kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gbé ife.
Aldona ní Rimvydas ló fà á:
kí ló gbé e dé ìdí abẹ lọ́jọ́ ìdíje?
Rimvydas, ọkùnrin jẹ́jẹ́,
awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ń fi ìwo kan wáyà lókè,
ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán bí àwo,
ó búra pé abẹ ò ní kan òun mọ́ títí ìdíje yóò fi parí.
Ẹ̀rín pa wá.
A borí ìkẹta. A borí ìkẹrin.
Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa; irùngbọ̀n di ọ̀rọ̀ àgbà.

Obìnrin àjà kejì, tí kì í kí ẹnikẹ́ni,
gun àtẹ̀gùn wá tòun ti búrẹ́dì dúdú àti ẹja oníyọ̀.
Ó wo àgbọ̀n Rimvydas bí ẹni ń wo oko.
"Ó ń hù," ó ní, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìkarùn-ún, wọ́n nà wá. Ìkẹfà, a nà wọ́n padà,
ariwo wa jí ọmọ ìkókó ìsàlẹ̀;
bàbá rẹ̀ gbé e gòkè, ó ní bí kò bá ní sùn, kó kúkú wòran.

Ìkeje.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló kù, ayò kan ni wọ́n fi ṣíwájú.
Wọ́n gbá Eimantas lọ́wọ́, rẹfirí fọn fèrè,
ó ní kó ju méjì láìsí ìdíwọ́.
Ọmọ ogún ọdún. Mo mọ ìyá rẹ̀,
bọ́tìnnì àti òwú ló ń tà nítòsí afárá.
Kò sẹ́ni tó mí.
Genovaitė kọjú sógiri, ó di síkáàfù mú,
mo rí ètè rẹ̀: kì í ṣe Ọlọ́run ló ń pè.

Àkọ́kọ́ yí irin ká, ó tún yí i ká
bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí,
ó sì bọ́ síta.
Ìkejì ò tilẹ̀ yí.

Aldona bú rẹfirí, ó bú olùkọ́ni, ó bú irin,
ó bú ẹni tó rọ irin.
Kò sẹ́ni tó bú ọmọ náà,
àfi èmi, nínú ọkàn mi, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.
Ojú ti tì mí kí n tó dé àjà kejì.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ ra bọ́tìnnì tí n kò nílò.
Ìyá rẹ̀ ka méje, ó fi ẹyọ kan lé e.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ a ò jẹ́ kí ojú pàdé.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Rimvydas ló ń wà á,
irùn bò ó dé ọ̀fun.
Mo ní, "Ìdíje ti parí o."
Ó ti ilẹ̀kùn, ó wo dígí.
"Ta ló sọ?"